Ẹ̀fẹ̀ Lórí Àtẹ Gbàǹjo: Ewu Ọjà Àwàdà àti Owó Èké Lórí Ayélujára

Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gbé ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Ian Usher, kó gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ sórí àtẹ eBay, ìkànnì gbàǹjo orí ayélujára. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, alùpùpù rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ó tún ṣèlérí pé òun yóò mú ẹni tó bá rà á mọ àwọn ọ̀rẹ́ òun, àti pé ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yóò gba onítọ̀hún wò. Ìgbéyàwó rẹ̀ ló tú ká, ó sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níbòmíràn. Tọkàntọkàn ló fi pàtẹ ọjà náà. Kò pẹ́ tí gbàǹjo ṣí tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn, ó di mílíọ̀nù 2.2 dọ́là Ọsirélíà. Àwọn tó pe owó yẹn kò ní in lọ́kàn láti san kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó èké kúrò tí gbàǹjo sì parí, 399,300 dọ́là ni owó gidi tó kù nílẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ tó pe owó náà rẹ́rìn-ín tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọlọ́jà ló kù tí kò mọ èwo ni òótọ́ èwo ni irọ́, oníbàárà gidi tó ní owó lọ́wọ́ ló sì rí iye tí apá rẹ̀ kò lè ká tó fi padà sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ gbàǹjo ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó dá ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ kọ́ ló máa ń sanwó rẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá ni.

Ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ẹni tó bá ń nájà mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí o bá dá iye lé ọjà, tí ọlọ́jà sì ní kí o mú un, o ti rà á nìyẹn. Ẹni tó bá dá iye tán tó wá ń yí ẹsẹ̀ padà, èébú ni yóò dì sínú àpò lọ sílé, bó bá sì tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́la, wọn yóò rántí rẹ̀. Ojú ló ń ṣọ́ òfin náà, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí ayélujára, ọlọ́jà kò rí ojú ẹnì kan. Orúkọ àtọwọ́dá àti nọ́ńbà lásán ló ń rí, ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò lójú ọjà fi ń ṣe é lórí ẹ̀rọ láìwẹ̀yìn.

Kí ewu ibẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ ká mọ bí gbàǹjo orí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Pierre Omidyar ló dá eBay sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ní ìlú San Jose ní California, AuctionWeb ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́. Ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ jẹ́ iná léésà kékeré kan tó ti bàjẹ́, 14.83 dọ́là ni wọ́n sì rà á. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí eBay ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, Omidyar kọ̀wé sí ẹni tó rà á láti bi í bóyá ó mọ̀ pé iná náà kò tàn mọ́. Onítọ̀hún fèsì pé iná léésà tó ti bàjẹ́ gan-an ni òun ń kó jọ. Ọlọ́jà sọ òótọ́ nípa ọjà rẹ̀, ẹni tó rà á sì san ohun tó pè. Bí ọjà ṣe ṣàjèjì tó kò ba nǹkan kan jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì bá ti dúró.

Lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ọjà yóò sọ iye tó pọ̀ jù tó lè san fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò ní í fi iye yẹn han ẹnikẹ́ni. Yóò máa pe owó fún un díẹ̀díẹ̀, kìkì ìwọ̀n tí yóò fi borí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ká ní Àdùkẹ́ fẹ́ ra kámẹ́rà, tó sì sọ fún ẹ̀rọ pé òun kò ní í kọjá 50,000 náírà. Bí ẹni tó sún mọ́ ọn jù kò bá ju 30,000 lọ, nǹkan bí 30,500 ni Àdùkẹ́ yóò san. Jẹ́ kí ẹlẹ́fẹ̀ kan wọlé wàyí kó pe 48,000 tí kò ní í san. Àdùkẹ́ ṣì ni yóò borí, ṣùgbọ́n 48,500 ni yóò fi borí. Ẹlẹ́fẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, 18,000 náírà sì ti fò kúrò lápò Àdùkẹ́ láìnídìí.

Bí ẹlẹ́fẹ̀ bá sì pe 60,000, òun ni gbàǹjo yóò já mọ́ lọ́wọ́, ọlọ́jà ni ìyà yóò sì jẹ. Lórí eBay, wọ́n fún ẹni tó borí ní ọjọ́ mẹ́rin kó sanwó kí ọlọ́jà tó lè fagi lé ọjà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè tún un pàtẹ, kó tún dúró dìgbà tí gbàǹjo tuntun yóò parí. Àwọn tó fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ti lè rí òmíràn rà. Fún ẹni tó fẹ́ fi owó ọjà náà san owó ilé tàbí owó ilé ìwé ọmọ, ìpalára gidi ni.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀fẹ̀ máa ń gbà wọ ọjà yìí: èkíní ni kí èèyàn pàtẹ ohun tí kò lè tà, èkejì ni kó pe owó tí kò ní í san. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èkíní ń bí èkejì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ọkùnrin ará Brisbane kan ní Ọsirélíà gbé odindi orílẹ̀-èdè New Zealand sórí eBay, ó bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ǹtì kan. Owó ti dé 3,000 dọ́là Ọsirélíà kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan gbé Iceland síbẹ̀ láti pẹ́nì 99, owó sì gòkè dé mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Lásìkò yẹn gan-an ni àwọn báńkì ńláńlá Iceland ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lulẹ̀, tí àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò sùn. Ní ọdún 2016, ọkùnrin kan ní Wakefield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàtẹ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọkọ̀ àlòkù, ó ka ìwà dáadáa rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ sílẹ̀. Owó ti dé 65,880 pọ́n-ùn kí eBay tó yọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rẹ́rìn-ín sí ìwọ̀nyí, bóyá ẹ̀rín tọ́ sí ti New Zealand, nítorí kò sẹ́ni tí yóò rò pé ará Brisbane kan ló ni ilẹ̀ náà. Ti ọdún 1999 kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹnì kan láti ìpínlẹ̀ Florida pàtẹ kíndìnrín èèyàn sórí eBay, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 25,000 dọ́là. Kí wọ́n tó gbé e kúrò, owó ti di mílíọ̀nù 5.7. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1984 ka títa ẹ̀yà ara sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún pẹ̀lú owó ìtanràn 50,000 dọ́là. Bóyá ẹni tó pàtẹ rẹ̀ ń ṣeré, bóyá kò ṣeré, ìkànnì kò lè wo inú rẹ̀. Ohun tó hàn kedere ni pé wọ́n ti fi yé ẹni tí ebi ń pa pé owó ńlá ń bẹ lára kíndìnrín rẹ̀. Ọjà ẹ̀yà ara kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá Ike Ekweremadu, tó ti jẹ́ igbákejì olórí ilé aṣòfin àgbà Nàìjíríà, lẹ́bi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan, lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà lójú pópó Èkó, tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ nítorí kíndìnrín rẹ̀.

Nígbà tí ọjà ẹ̀fẹ̀ bá kan èèyàn, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, tọkọtaya kan nítòsí Krumbach ní gúúsù Jámánì gbé ọmọ ọwọ́ wọn sórí eBay láti Yúrò kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kò pe owó, wákàtí díẹ̀ ló sì lò níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó rí i pe ọlọ́pàá, ìjọba gba ọmọ náà sí àbójútó fúngbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bóyá wọ́n fẹ́ tà á lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ní eré ni àwọn ń ṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níwájú irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni, nítorí bó bá kà á sí eré tó wá já sí òótọ́, ọmọ ti lọ nìyẹn.

Pé ó lè jẹ́ òótọ́ kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì pàtẹ obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún sórí Facebook, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ra ọjà tí wọ́n ti ń tà. 1,000 dọ́là ló kọ sí i lára, ó sì fi àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ̀ síbẹ̀. Ìjọba Lẹ́bánónì mú un, Abike Dabiri-Erewa, olórí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, sì kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ẹni tó bá ti rí irú ìpolówó yẹn rí kò ní í rí èyí tó tẹ̀ lé e kó sọ pé àwàdà lásán ni. Bí ọjà èèyàn tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ bá sì ti pọ̀ jù, èyí tó jẹ́ òótọ́ yóò rí ibi sá pamọ́ sí láàárín wọn.

Wọ́n ti lo àtẹ gbàǹjo láti fi tàbùkù èèyàn láìsí ọjà kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Íńdíà jí, wọ́n bá fọ́tò ara wọn lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bulli Bai, tí wọ́n to orúkọ wọn bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ lù ní gbàǹjo. Oníròyìn wà nínú wọn, òṣèré sinimá wà nínú wọn, àti àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú. Irú rẹ̀ kan, Sulli Deals, ti wáyé ní oṣù keje ọdún 2021. Orí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò, ni wọ́n gbé méjèèjì lé. Wọn kò ta ẹnikẹ́ni, wọn kò sì gba owó. Ìtìjú ni ọjà tí wọ́n ń tà, kí obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nílé ìwé ni ọlọ́pàá mú lórí Bulli Bai.

Ní Naperville, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ya fọ́tò ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì polówó rẹ̀ lórí ìkànnì ìpolówó ọjà Craigslist bí ẹrú ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ìkórìíra ni wọ́n fi kàn án ní kóòtù àwọn ọmọdé. Fún àwa tí ọjà ẹrú Vlekete ṣì wà ní Àgbádárìgì fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ àwàdà. A mọ àwọn tí wọ́n tò lórí ìlà, tí wọ́n wo eyín wọn, tí wọ́n dá iye lé wọn. Ìdílé wa ni wọ́n.

Kò túmọ̀ sí pé èèyàn kò lè fi àtẹ gbàǹjo sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, Keith Obadike, oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà lára, gbé jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú rẹ̀ sórí eBay, ó bẹ̀rẹ̀ láti 10 dọ́là. Ó kọ àǹfààní rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á nípa àwọn ibi tí kò ti yẹ kó lò ó. Ọjọ́ mẹ́wàá ló yẹ kó lò, ọjọ́ mẹ́rin ni eBay gbé e kúrò. Ìgbà méjìlá ni wọ́n ti pe owó lé e, ó ti dé 152.50 dọ́là. Ara rẹ̀ ni Obadike pàtẹ, orúkọ rẹ̀ ló fi ṣe é, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ àti ẹni tó fi ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ká wá bọ́ sórí owó èké. Ẹlẹ́fẹ̀ lásán pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé èrè ni wọ́n ń wá. Àkọ́kọ́ ni agbódegbà, tó ń bá ọlọ́jà pe owó kí iye lè lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni agbódegbà àti ọlọ́jà jẹ́ ẹnì kan náà tó ṣí àkáǹtì méjì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, agbẹjọ́rò kan ní Sacramento ní California, Kenneth Walton, pàtẹ àwòrán kan sórí eBay láti sẹ́ǹtì 25. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà, ó ní ìyàwó òun kò jẹ́ kí òun gbé e kọ́ sínú ilé. Kò ní ìyàwó. Lára àwòrán náà ni wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó mú kí àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ Richard Diebenkorn, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni. Owó gòkè dé 135,805 dọ́là. Ìwádìí fi hàn pé Walton fúnra rẹ̀ ti pe owó lé e, eBay sì fagi lé ọjà náà. Ìjọba àpapọ̀ rí i pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ti lo àkáǹtì tó ju ogójì lọ láti máa gbé owó ara wọn sókè nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbàǹjo. Walton gbà pé òun jẹ̀bi, iṣẹ́ agbẹjọ́rò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2010 ni ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ dá ẹnì kan lẹ́bi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Kóòtù Bradford ló jẹ awakọ̀ kan níyà, tó fi àkáǹtì kejì pe owó lé bọ́ọ̀sì kékeré tó ń tà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì ní kó fi wákàtí 250 ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú.

Ti Jámánì ló fi ọgbọ́n jùlọ hàn. Ọkùnrin kan pàtẹ ọkọ̀ Volkswagen Golf láti Yúrò kan ní ọdún 2013. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ pe Yúrò kan. Oníbàárà mìíràn wọlé ní Yúrò kan àbọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, òun àti àkáǹtì kejì tí ọlọ́jà ṣí ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n jọ ń ti owó sókè títí ó fi dé 17,000 Yúrò, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló sì borí nínú gbàǹjo ara rẹ̀. Oníbàárà pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, BGH, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Jámánì lórí ẹjọ́ láàárín aráàlú, sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè ra ọjà lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí náà gbogbo owó tí ọlọ́jà pè kò sí rárá. Wọ́n yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó gidi tó kù lókè jù ni Yúrò kan àbọ̀. Iye yẹn ni oníbàárà fi ra Golf náà lójú òfin. Nígbà tí ọlọ́jà kò sì lè fún un ní ọkọ̀ mọ́, wọ́n ní kó san 16,500 Yúrò tó jẹ́ iye ọkọ̀ náà fún un.

Ẹ̀tàn kejì ń ja owó wálẹ̀. Ẹni méjì yóò mọ ara wọn. Èkíní yóò pe owó kékeré, èkejì yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú owó tó pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni kò ní í lè sún mọ́ ọn. Gbogbo oníbàárà gidi yóò yàgò. Nígbà tí gbàǹjo bá kù díẹ̀ kó parí, èkejì yóò yọ owó rẹ̀ kúrò, ọjà yóò sì já mọ́ èkíní lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀. Nítorí èyí ni eBay kò fi gba èèyàn láyè láti yọ owó rẹ̀ bó ṣe wù ú, àgàgà nígbà tí gbàǹjo bá ti wọ wákàtí méjìlá tó gbẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀, tàbí pé ọlọ́jà ti yí àlàyé ọjà padà, tàbí pé kò rí ọlọ́jà bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan tún wà tó pe owó tí wọn kò ní í san nítorí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, Tim DeChristopher wọ inú gbàǹjo ilẹ̀ epo tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní Salt Lake City, ó gba nọ́ńbà 70, ó sì pe owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.8 dọ́là lé ilẹ̀ mẹ́rìnlá kí àwọn elépo má baà rí wọn gbà. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Cai Mingchao, ọmọ Ṣáínà, fi tẹlifóònù borí nínú gbàǹjo ilé-iṣẹ́ Christie's ní Paris lórí ère idẹ méjì tí wọ́n kó ní ààfin ọba Ṣáínà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì kéde pé òun kò ní í san owó ohun tí wọ́n jí. Àwọn méjèèjì fi orúkọ àti ojú wọn síta. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún DeChristopher, ó sì lọ sẹ́wọ̀n láìsá. Ẹni tó fi orúkọ èké pe owó lé kámẹ́rà aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn irú wọn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́, àwíjàre wọn ni pé eré ni àwọn ń ṣe. Òfin kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin méjì ń mutí nílé oúnjẹ. Ọ̀kan, Zehmer, kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó oúnjẹ pé òun ta oko òun fún èkejì, Lucy, ní 50,000 dọ́là, ìyàwó rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ní eré ọtí ni. Ní ọdún 1954, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Virginia ní kó fi oko náà sílẹ̀ fún Lucy, nítorí ohun tí èèyàn fi hàn síta ni òfin ń wò, kì í ṣe ohun tó fi sínú. Bí eré bí eré, àlàbọ́rùn ń dẹ̀wù. Lódìkejì, ní ọdún 1999 adájọ́ kan ní New York kọ̀ láti pàṣẹ kí Pepsi fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọkọ̀ òfurufú ogun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ìpolówó tẹlifíṣọ̀n, ó ní kò sí olóye èèyàn tí yóò gbà á gbọ́. Òfin Jámánì wà láàárín: ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ ní ẹ̀fẹ̀ kò dè é, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gbà á gbọ́ láìmọ̀ tó sì fi pàdánù, ẹlẹ́fẹ̀ ni yóò san án padà.

Nàìjíríà náà kò ṣaláìní òfin. Òfin Ọjà Títà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, tí a jogún, àti òfin tó jọ ọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ń lò, sọ̀rọ̀ lórí gbàǹjo. Bí ọlọ́jà kò bá kéde ṣáájú pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti pe owó, kò gbọdọ̀ pè é, kò sì gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni pè é fún un. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra ọjà lè ka ọjà náà sí ẹ̀tàn.

Ohun tó ń dín ẹ̀fẹ̀ kù jù ni kí ẹni tó wọ gbàǹjo ní ojú tí wọ́n lè mọ̀. Nígbà tí Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà gbé gbàǹjo ọkọ̀ àti ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lọ sórí ayélujára ní ọdún 2017, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ ní TIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ asanwó-orí. Ọlọ́jà kékeré náà lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí wọ́n ti kọ̀ láti sanwó rí, ó sì lè wo orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá tó ń pe owó ńlá lónìí, kó kọ̀wé sí i kí gbàǹjo tó parí. Nínú ilé, kí òbí máa jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀. Ní ọdún 2009, ọmọ ọdún mẹ́ta kan ní New Zealand tẹ kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń sùn, ó sì ra katapílà ìwalẹ̀ kan ní 20,000 dọ́là New Zealand lórí ìkànnì Trade Me.

Ẹni tí wọ́n sì máa ń gbàgbé nínú gbogbo èyí ni ẹni tó ṣe ipò kejì. Nígbà tí ẹlẹ́fẹ̀ bá borí tó sì sá lọ, eBay gba ọlọ́jà láyè láti fi ọjà lọ ẹni tó tẹ̀ lé e, ní iye tó ga jù tí onítọ̀hún pè. Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ nígbà tí ẹlẹ́fẹ̀ pe 60,000. Wọn yóò fi kámẹ́rà lọ̀ ọ́ ní 50,000, bẹ́ẹ̀ ẹni gidi tó sún mọ́ ọn kò kọjá 30,000. Kò pọn dandan kó gbà. Àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí wọ́n pè wà lójú ìkànnì. Kó ṣí i, kó yọ owó ẹlẹ́fẹ̀ kúrò bí adájọ́ Jámánì ṣe yọ ọ́, kó sì kọ̀wé sí ọlọ́jà pé 30,500 ni gbàǹjo náà ìbá parí sí. Ọlọ́jà tó fẹ́ òótọ́ yóò tà á fún un ní iye yẹn.